Èyí Tó Le, Èyí Tó Rọ̀

Apá ọ̀tún ni. Àbí... rárá, ọ̀tún ni, ibi tí mo dúró sí yìí náà ni mo dúró sí. Jẹ́ẹ̀lì tí a fi ń dí ilà ojú, oríṣi méjì ni mo gún sójú ẹ̀gbọ́n mi lọ́sẹ̀ tó kọjá. Èyí tó le, fún egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́, torí ó ń gbé ẹran ojú ró. Èyí tó rọ̀, fún igun ẹnu, torí ó ń bá ẹran ojú rìn. Ẹnu èmi yìí náà ni mo fi ń kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Apá òsì, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni mo ṣe é. Apá ọ̀tún... àtàǹpàkò mi ń sọ pé nǹkan tí òun tì wọ igun ẹnu le. Àbí ọwọ́ mi ló ti rẹ̀? Síríńjì méjèèjì jọra. Wọ́n sì ti wọnú ike tí a ń ju abẹ́rẹ́ tí a ti lò sí, tí a kì í ṣí mọ́.

Mo ń tẹ̀ ẹ́ báyìí. Ọ̀tún le. Òsì... òsì náà le díẹ̀. Bóyá ó ṣì wú ni. Ṣé ẹja ni, àbí àkàn?

"Ṣé kò sí o, nọ́ọ̀sì mi?" Bí ẹ̀gbọ́n mi ṣe jókòó lónìí ni wọ́n ti bi mí.

"Kò sí nǹkan kan, Ẹ̀gbọ́n mi." Irọ́.

Tí wọ́n bá dákẹ́, ojú wọn gún régé. Jẹ́ẹ̀lì ò ní jẹ́wọ́ àfi téèyàn bá rẹ́rìn-ín. Èyí tó rọ̀ á tẹ̀ lé ẹnu lọ. Èyí tó le á jókòó síbẹ̀ bí àlejò tí ò mọ̀ pé ilẹ̀ ti ṣú. Abẹ́rẹ́ tó ń yọ́ ọ wà. Àmọ́ tí mo bá lọ yọ́ èyí tó dáa ńkọ́? Ojú ẹ̀gbọ́n mi ni o, kì í ṣe ògiri tí a lè tún kùn.

Àfi kí wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo ti sọ ti bàbá wa, ọjọ́ tí wọ́n kí ère tí télọ̀ wọ aṣọ fún níwájú ṣọ́ọ̀bù, tí ère ò dáhùn, tí bàbá ní, "Ọmọ yìí ò lẹ́kọ̀ọ́ rárá." Tẹ́lẹ̀, tí ẹ̀gbọ́n mi bá gbọ́ ọ, ògiri ni wọ́n máa ń dì mú.

"Bàbá wa náà ṣá," ni wọ́n wí lónìí.

Ẹnu wọn sún díẹ̀, ó padà. Ọ̀tún ò gbéra. Òsì... òsì náà ò gbéra. Ṣé méjèèjì ni mo wá ṣì ṣe ni? Orí mi ti dàrú.

Kí ló tiẹ̀ gbé wọn wá lọ́sẹ̀ tó kọjá? "Sáà bá mi dí ilà ẹnu yìí. Ó ti sú mi, kí àwọn ará ọ́fíìsì máa bi mí pé kí ló ń ṣe mí." Mo wọn ilà náà. Mo mú jẹ́ẹ̀lì. Mi ò...

Dúró ná. Igun ojú wọn. Ibẹ̀ ni ẹ̀rín wọn ti máa ń bẹ̀rẹ̀, kí ẹnu tó gbọ́. Mi ò fi abẹ́rẹ́ kan ibẹ̀ rárá. Èyí tó le ò sí níbẹ̀, èyí tó rọ̀ ò sí níbẹ̀, ibẹ̀ náà ò sì mira.

Ìka mi ṣì wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn. Ọ̀tún ni o, òsì ni o, mi ò tíì mọ̀. Nǹkan kan ń ṣe ẹ̀gbọ́n mi. Àwọn ará ọ́fíìsì bi wọ́n. Èmi, ilà ni mo dí.