Ààwẹ̀ Sárnat ní Ẹnu Òkè

Ọjọ́ kẹta lẹ́yìn tí Sárnat sin ìyá rẹ̀ ló da aṣọ òtútù bora, ó sì gba ọ̀nà òkè Fergnae lọ. Gbogbo wa ní ìwọ̀-oòrùn Írẹ́lándì níbí la mọ òkè yẹn. Koríko ló bo ìta rẹ̀, àmọ́ inú rẹ̀ ni Fergnae àti àwọn òrìṣà ẹgbẹ́ rẹ̀ ń gbé, tí wọ́n ń jẹ, tí wọ́n ń mu, tí wọn kì í darúgbó. Ní ọdún méjì sẹ́yìn, Fergnae ránṣẹ́ pe Fachtna, àbúrò Sárnat ọkùnrin, pé kó wá ta háàpù, ohun èlò orin olókùn, fún òun níbi àsè kan ṣoṣo. Fachtna wọlé. Kò jáde mọ́.

Sárnat kò mú idà, kò mú ọ̀kọ̀. Orí òkúta tó wà lẹ́nu ọ̀nà òkè ló jókòó sí, ó wá gbóhùn sókè.

"Fergnae! Èmi Sárnat ọmọ Dairine nìyí. Ẹ̀yin ni mo wá gbààwẹ̀ lé lórí. Yàtọ̀ sí omi òjò, nǹkan kan ò ní kan ẹnu mi títí ẹ ó fi dá àbúrò mi padà."

Òfin ilẹ̀ wa nìyẹn. Ẹni tí alágbára bá rẹ́ jẹ, ẹnu ọ̀nà alágbára náà ni yóò lọ gbààwẹ̀ sí. Bí onílé bá jẹun nígbà tí ebi ń pa ẹni tó wà níta, iyì rẹ̀ tán nìyẹn. Kò sẹ́ni tí yóò tún ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí. Àwọn ọba wa gan-an ń bẹ̀rù òfin yìí. Àmọ́ kò sẹ́ni tó tíì dán an wò lára àwọn ará inú òkè rí.

Fergnae fúnra rẹ̀ jáde wá, ó ga, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Arábìnrin, òkè lo wá ń gbààwẹ̀ lé lórí? Ṣé o ò níṣẹ́ nílé ni?"

"Iṣẹ́ ni mo wá ṣe yìí, olúwa mi."

"Àbúrò rẹ jẹ oúnjẹ wa. Ẹni tó bá ti jẹ ẹ́, tiwa ni."

"Ṣé ẹ sọ bẹ́ẹ̀ fún un kó tó jẹ ẹ́?"

Fergnae yí ọ̀rọ̀ náà síbòmíràn. "Ọdún méjì ló ti wà níbí. Níbo lo wà látìgbà náà?"

"Mò ń tọ́jú ìyá wa. Àìsàn dá a dùbúlẹ̀, kò sì sẹ́lòmíì tó lè gbé e dìde. A ti sin ín báyìí. Àyè ti gbà mí dáadáa."

Fergnae wọlé, ó ti ilẹ̀kùn gbàgà.

Ní ọjọ́ kejì, òjò rọ̀ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Àwọn ará inú òkè gbé ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n fi oyin sun síwájú Sárnat, ó ń rú èéfín. Itọ́ kún un lẹ́nu. Ó yí ẹ̀yìn sí i, ó ń ka àwọn àgùntàn tó wà lókè odò títí ẹran náà fi tutù.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kẹta, alásè inú òkè já jáde. Glas lorúkọ rẹ̀, ó sanra, inú sì ń bí i.

"Ìwọ obìnrin yìí, ṣé o fẹ́ ba iṣẹ́ mi jẹ́ ni? Láti ìjẹta ni mo ti ń gbé ẹran kaná, tí mo tún ń sọ̀ ọ́. Ó ti le bíi bàtà! Olúwa wa ò lè jẹ, àlejò kankan ò sì lè jẹ ṣáájú rẹ̀."

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o, bàbá. Ebi ń pa ẹ̀yin náà?"

"O tún ń bi mí! Àwa tí a ò mọ ebi rí láyé wa!"

"Èmi mọ̀ ọ́n dáadáa. Mo la ọdún tí ọkà ò so kọjá. Ẹ bá mi sọ ìyẹn fún olúwa yín."

Nígbà tó di ọjọ́ kẹrin, Sárnat ò lè jókòó dáadáa mọ́. Òkúta ló fara tì. Ilẹ̀kùn ṣí. Fergnae ló jáde, Ìyá Olódò sì tẹ̀ lé e, òrìṣà odò tó ń ṣàn nísàlẹ̀ òkè, irun rẹ̀ ń kán tótó.

"O ò sọ fún ọmọ yẹn kó tó jẹun," ni ìyá náà ń wí. "Ẹ̀tàn ni. Ṣé torí háàpù ni kí ebi pa gbogbo wa sínú ilé rẹ? Dá a sílẹ̀, jàre!"

Fergnae bẹ̀rẹ̀ mọ́ ilẹ̀ níwájú Sárnat, ohùn rẹ̀ sì rọ̀. "Ìwọ náà wọlé wá. Kí ẹ̀yin méjèèjì jọ máa gbé níbí. O ò ní darúgbó, ebi ò ní pa ọ́ mọ́ láé."

Irọ́ ni tí mo bá ní Sárnat ò rò ó. Ó rò ó. Ilé tó fi sílẹ̀ ṣófo.

"Rárá," ó ní. "Kó jáde."

Fergnae dìde, ó pe Fachtna síta. Fachtna jáde wá, háàpù lábẹ́ apá, búrẹ́dì àsè alẹ́ àkọ́kọ́ ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi! Kí ló gbé yín débí? Àṣálẹ́ kan náà ni mo ṣì ń ta háàpù..." Lójú tirẹ̀, ọdún méjì náà kò ju alẹ́ kan lọ. Ló bá rí ojú Sárnat tó ti jìn wọnú. "Ta ló fìyà jẹ yín báyìí? Màmá ńkọ́?"

"Jókòó."

Sárnat ò fi nǹkan kan pa mọ́ fún un, títí kan ikú ìyá wọn. Fachtna gbé orí lé orúnkún ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó sunkún bí ọmọdé. Glas gbé wàrà lílọ́wọ́ọ́wọ́ wá. "Máa mu ún díẹ̀díẹ̀," ó ní, "kí o má bàa bì í." Sárnat mu ún. Nínú òkè, ariwo abọ́ ti sọ, wọ́n ti ń jẹun.

Fachtna pọ̀n ọ́n sọ̀kalẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé ìdajì ọ̀nà, ó béèrè pé, "Ṣé ẹ bínú sí mi?"

"Mo bínú gan-an. Àmọ́ ọkà báálì wa ti gbó, mi ò sì lè dá kórè rẹ̀. Tí a bá kó o wọlé tán, màá ráyè bínú."

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àwọn ará àdúgbò rí wọn lóko. Fachtna ń gé ọkà, Sárnat jókòó nílẹ̀, ó ń dì í ní ìtí.