Èmi Tí Wọ́n Ní Mo Jẹ́ Ọ̀fẹ́

Dúpẹ́, jẹ́ n rọ́ àlá yìí fún ẹ kó tó parẹ́. Àwọn kọ̀ntẹ́nà orí kọ̀ǹpútà, àwọn ètò tó gbé iṣẹ́ ọ́fíìsì wa ró tí èmi nìkan ń tọ́jú tọ̀sán-tòru, ló di ọmọ jòjòló. Mo pọn ọ̀kan, mo gbé méjì dání, àwọn yòókù ń ké. Alágbàtọ́ kan dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó fẹ́ máa bá wa tọ́ wọn, ká máa sanwó fún un lóṣooṣù. Ọ̀gá mi gbé ìwọ̀n kalẹ̀, ó kó owó obìnrin náà sí apá kan, ó gbé èmi tọmọtọmọ sí apá kejì. Apá tèmi fò sókè bí ìyẹ́ adìyẹ.

Ó ní, "Ṣé o rí i? Owó obìnrin yìí ló wúwo. Ọ̀fẹ́ ni ìwọ."

Mo ní, "Ọ̀gá, oorun mi ńkọ́? Ọjọ́ ìsinmi mi ńkọ́? Ẹ ò gbé wọn sórí ìwọ̀n."

Ó ní kí n rọra sọ̀rọ̀, kí n má jí àwọn ọmọ. Ibi tí mo ti ń rò ó lókè níbẹ̀ pé ta ló tiẹ̀ ń wọn èèyàn láìwọn oorun rẹ̀ mọ́ ọn, ni ọmọ ẹ̀yìn mi bẹ̀rẹ̀ sí í dún bí fóònù.

Mo jí. Ọ̀gá ló ń pè. Ọ̀kan nínú àwọn kọ̀ntẹ́nà ti ṣubú, iṣẹ́ ti dúró.