Ẹ̀rọ Keje Lórí Odò Tisovica

Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ku ogún ìṣẹ́jú ní ọjọ́ Jọ́ọ̀jì Mímọ́, mẹ́fà nínú ẹ̀rọ méje tí ń wọn omi Odò Tisovica padà sẹ́nu iṣẹ́. Ìkeje kò dáhùn.

Tijana Radović rí i lójú kọ̀ǹpútà alágbèéká tó gbé sórí tábìlì àlejò, láàárín àbẹ́là tó ń jó àti abọ́ àlìkámà bíbọ̀.

"Tún wọn kà," Vukašin Lazović, onílé, sọ. Ìgò rakija, ọtí líle ilẹ̀ wọn, wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wà lórí ìdúró, nítorí onílé kì í jókòó lọ́jọ́ Slava, ọdún ẹni mímọ́ ìdílé.

"Mẹ́fà ni, Bàbá. Èyí tó wà ní afárá Brezna, lókè odò, ló kù."

Wàhálà náà bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀. Tijana ló ń bójú tó nẹ́tíwọ́ọ̀kì ọ́fíìsì ìkìlọ̀ ìkún-omi ní Kamenovo. Àṣẹ dé láti olú-ìlú pé ọjọ́ náà ni kí ó fi ẹ̀dà tuntun sórí fáyàwọ́ọ̀lù, ìyẹn ẹ̀rọ tí ń ṣe ẹ̀ṣọ́ lẹ́nu ọ̀nà, tí ń yẹ gbogbo ìsọfúnni tó bá fẹ́ wọ kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì wò. Òun ló tẹ bọ́tìnì. Kí aago mọ́kànlá tó lù, ẹ̀rọ odò méjèèje ti dákẹ́, òjò ọjọ́ mẹ́ta kò sì tíì dá. Irínwó ènìyàn ń gbé àdúgbò Donja Mala, ní bèbè odò gan-an. Láìsí àwọn ẹ̀rọ náà, omi yóò dé ẹnu ọ̀nà wọn kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ pé ó ń bọ̀.

Ó gbìyànjú láti dá ẹ̀dà àtijọ́ padà, kò gbà. Ó ka àkọsílẹ̀ ẹ̀ṣọ́ náà láti òkè délẹ̀, kò sì rí ibi tó ti kọ ọ́ pé òun lé ẹnikẹ́ni. Síbẹ̀ ó ń fojú rí ìsọfúnni láti odò tí ń dé ẹnu ọ̀nà, tí kì í wọlé.

Ẹnì kan ṣoṣo ló mọ bí wọ́n ṣe so àwọn ẹ̀rọ náà pọ̀: Vukašin, tó dá iṣẹ́ náà sílẹ̀. Ní ọdún méjì sẹ́yìn, Tijana kọ ìròyìn pé ọ̀gá àgbà yìí kò kọ ohunkóhun sílẹ̀ nípa iṣẹ́ rẹ̀. Oṣù yẹn ni wọ́n fẹ̀yìn rẹ̀ tì. Láti ìgbà náà, kì í gbé fóònù ọ́fíìsì. Tijana pè é nígbà mọ́kànlá lọ́jọ́ yìí.

Gordana, ọ̀gá rẹ̀, ló rán an létí. "Jọ́ọ̀jì Mímọ́ ni ẹni mímọ́ ìdílé wọn. Slava wọn lónìí. A kì í pe ènìyàn sí Slava, a kì í sì í lé ẹni tó bá wá. Ra wáìnì kan dání, kó o máa lọ."

Màmá Rosa, ìyàwó Vukašin, ló ṣílẹ̀kùn. "Wọlé, ọmọ mi, òjò ti pa ọ́." Ó fi ṣíbí sí i lọ́wọ́. Àwọn àlejò tó wà nídìí tábìlì yíjú sí i.

"Tijana," ni Vukašin wí. "Akọ̀wé wa."

"Èmi ni, Bàbá. Ẹ kú ọdún. Ẹ ó ṣe púpọ̀ láyé."

"Àmín. Jẹ àlìkámà. Kó o dúpẹ́ pé Jọ́ọ̀jì Mímọ́ ló gbà ọ́ lálejò, kì í ṣe èmi."

"Vukašin, rọra," Màmá Rosa sọ. "Orí àga là ń fi àlejò sí, kì í ṣe orí ẹ̀gún."

Tijana gbé ṣíbí kan mì. "Bàbá, àwọn ẹ̀rọ odò ti dákẹ́. Èmi ni mo fà á. N kò mọ ohun tí mo bàjẹ́."

Ọkùnrin náà kọ́kọ́ rọ ọtí fún aládùúgbò rẹ̀. "Kí lo rí nínú àkọsílẹ̀?"

"Kò sí nǹkan kan."

"Ọ̀nà wo lẹ fi ń dá wọn lóhùn?"

"Ìlà tẹlifóònù tí wọ́n gbà wọlé náà ni."

"Irọ́ ni. Ibẹ̀ ni wọ́n ń gbà wọlé lóòótọ́, ṣùgbọ́n wáyà iléeṣẹ́ omi ni èsì wa ń gbà jáde. Lọ́dún ìkún-omi ńlá, ìlà tẹlifóònù kò lágbára tó, ni mo bá wá ọ̀nà míì. Ẹ̀ṣọ́ àtijọ́ kò bìkítà."

Ọ̀rọ̀ náà yé Tijana lójú ẹsẹ̀. "Tuntun yìí bìkítà. Ẹni tó bá wọlé níhìn-ín, tí èsì rẹ̀ gba ibòmíràn jáde, olè ló kà á sí. Ó ń dà wọ́n nù, kò sì kọ ọ́ sílẹ̀."

"Kò kọ nǹkan sílẹ̀?" Vukašin wo àwọn àlejò. "Ẹ yáa fẹ̀yìn òun náà tì."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Tijana náà rẹ́rìn-ín, ojú sì tì í.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká jọ lọ sí ọ́fíìsì."

"Kí n fi àlejò sílẹ̀? Ṣe é níbí."

Màmá Rosa gbé àwo ẹran ẹlẹ́dẹ̀ kúrò, kọ̀ǹpútà sì gba àyè rẹ̀. Vukašin ń rọ ọtí, ó ń dá ènìyàn lóhùn, ó sì ń yọjú wo iṣẹ́ láti ẹ̀yìn.

"Má ṣílẹ̀kùn fún gbogbo ayé o. Àwọn méje yẹn nìkan."

"Àwọn méje nìkan, Bàbá." Ó kọ òfin tuntun náà, ó kọ ìdí rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó sì fi orúkọ Vukašin Lazović sí i. Ọkùnrin náà kà á, ó sì rọ ọtí fún un.

Bẹ́ẹ̀ ni mẹ́fà ṣe padà. Omi ti ga tó mítà méjì àti àádọ́rùn-ún sẹ̀ǹtímítà lójú ẹ̀rọ tó sún mọ́ afárá Brezna jù, ó sì ń gòkè.

"Bóyá bátìrì ìkeje ló kú," Tijana sọ.

"Méjì ni mo fi sí i. Mo fi irin dè é mọ́ òpó àárín afárá. Kí ìyẹn tó dákẹ́..." Vukašin gbé ìgò kalẹ̀. Ó fa àga, ó jókòó.

Tijana pe Gordana pé ó yẹ kí wọ́n fọn fèrè ìkìlọ̀.

"Ṣé ẹ̀rọ ló bàjẹ́ ni, àbí afárá ló lọ?" Gordana bi í. "Lọ́dún tó kọjá a fọn fèrè lásán, oṣù mẹ́ta ni wọ́n fi ń fi wá ṣẹ̀sín. Mo fẹ́ kó dá mi lójú."

"Bàbá ti pe Miloje tó ń gbé lókè níbẹ̀, ó ti gun katakata lọ wò ó. Yóò tó ogójì ìṣẹ́jú."

"Dúró dè é, nígbà náà."

"Omi ò ní dúró dè é, Ọ̀gá. Orúkọ mi ló wà nínú ìwé iṣẹ́ tòní. Tó bá jẹ́ lásán, èmi ni kí wọ́n fi ṣẹ̀sín."

Ó tẹ àṣẹ náà. Fèrè ìkìlọ̀ ké láti ìsàlẹ̀ ìlú, ariwo rẹ̀ sì la òjò kọjá wọnú ilé. Àwọn àlejò dìde, wọ́n ń wá kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀. Màmá Rosa ti ń fi aṣọ bo búrẹ́dì kí ó lè ṣẹ́ kù fún àwọn tí yóò gòkè wá.

Nígbà tí aago márùn-ún fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá kọjá, ọkọ̀ àkọ́kọ́ láti Donja Mala ti dé orí òkè. Kò sí ẹni tó tíì lè sọ bóyá afárá Brezna ṣì wà níbẹ̀. Miloje kò tíì pè.