Ohun Tí Wọ́n Kọ Sábẹ́ Ìtàn Rodaina

Pẹpẹ tí wọ́n to eyín sí ni irin ọwọ́ ọkùnrin tó já wọlé náà kọ́kọ́ bà. Eyín fọ́n ká ilẹ̀ bí àgbàdo. Kí Shahinaz tó dìde níbi tó jókòó sí, irin ti lọ sókè lẹ́ẹ̀kejì, gíláàsì fèrèsé ti fọ́, ọkùnrin náà sì ti ń béèrè ta ni wọ́n ń pè ní Shahinaz nínú wọn.

Yàrá iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe eyín àtọwọ́dá ni, ní ìlú Mansoura, ní nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀. Bàbá Bishara, ọ̀gá tó kọ́ Shahinaz níṣẹ́, fẹ́ fi sùúrù bá àlejò náà sọ̀rọ̀. Ó na ọwọ́ sí i, ó ń pè é ní ọmọ òun. Irin náà já lé e lápá, Shahinaz sì gbọ́ bí egungun ṣe dún. Bàbá náà kò pariwo. Ó kàn jókòó sílẹ̀ láàárín eyín, ó di apá rẹ̀ mú, òógùn bò ó.

"Èmi ni Shahinaz," ni obìnrin náà wí. "Kí ni mo ṣe fún ọ?"

"Ìwọ lo ni ibi tí wọ́n ti ń kọ ìkọkúkọ lórí fóònù, àbí ìwọ kọ́?"

"Èmi ni."

"Àbúrò mi ni Rodaina. Ó kọ ọ́ sọ́dọ̀ rẹ pé obìnrin kan fẹnu ko ọkùnrin lẹ́nu nínú ọkọ̀ ojú omi. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ síwèé, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù mi, tòun ti orúkọ bàbá wa. Gbogbo àdúgbò ti kà á tán kí n tó dé." Ó ń mí gúlegúle. "Mo ti fọ́ ọwọ́ tó fi kọ ọ́. Ìwọ ló kàn."

Irin náà ba Shahinaz níwájú orí, ẹ̀jẹ̀ dí i lójú. Kò rí ìgbà tí àwọn káfíńtà ìsọ̀ tó tẹ̀ lé tiwọn ya wọlé, ó kàn gbọ́ pé wọ́n ti gbé ọkùnrin náà lulẹ̀. Wọ́n fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, wọ́n fi pákó nà án títí tí kò fi lè dá ara rẹ̀ gbé mọ́. Shahinaz ló fi ara rẹ̀ bò ó, tó ń bẹ̀ wọ́n pé ó tó, kí ọlọ́pàá tó dé wọ́ ọ lọ. Refaat lorúkọ rẹ̀, ó ń tún ẹ̀rọ ìfọṣọ ṣe.

Nígbà tí wọ́n ń rán iwájú orí rẹ̀ ní ọ̀nà méje, Shahinaz kò ronú nípa ìrora. Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ ni pé òun mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe dé ibẹ̀, ìṣísẹ̀ kan lẹ́yìn òmíràn.

Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, nínú oṣù ààwẹ̀, wọ́n ṣe eré kan lórí tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n ń pè ní Ilé Oníyọ̀. Ní ìparí rẹ̀, bàbá kan taari Ilham, ọmọbìnrin rẹ̀, sínú odò, ọmọ náà kú. Àwọn èèyàn ò gbà. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ ara wọn kọ ọ́ tuntun: ẹnì kan ní apẹja gbé e jáde, ẹlòmíràn ní kò sí nínú omi rárá. Shahinaz ló ṣí ìkànnì fún wọn, tí wọ́n fi di ẹgbẹ̀rún mọ́kànlá. Òfin kan ṣoṣo ló fi lélẹ̀: kí á sọ̀rọ̀ ìtàn, kí á má sọ̀rọ̀ ẹni tó kọ ọ́. Lọ́dún àkọ́kọ́, bí ẹnikẹ́ni bá rú u, kì í pẹ́ wákàtí kan tó fi máa ń pa ọ̀rọ̀ onítọ̀hún rẹ́.

Àfìgbà tí ẹnì kan tó ń pe ara rẹ̀ ní Abẹfẹ́lẹ́ dé. Wagdi lorúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́, ó ń ṣiṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ ní Damanhur, ó sì mọ ìwé kà débi pé kò sí àṣìṣe tó lè fara pamọ́ fún un. Ẹnu rẹ̀ ló burú. Bó bá ti gé ìtàn kan wẹ́lẹwẹ̀lẹ, ọgọ́rọ̀ọ̀rún èèyàn ló ń sáré wá rẹ́rìn-ín. Shahinaz rí i pé èrò ń pọ̀ sí i, ó panu mọ́.

Nígbà tí Rodaina gbé apá keje ìtàn tirẹ̀ jáde, Abẹfẹ́lẹ́ kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ọkùnrin kankan ò tíì wo ẹni tó kọ èyí lẹ́ẹ̀mejì rí, pé bí ó bá kó sínú odò, odò á pọ̀ ọ́ jáde. Irinwó èèyàn gbè é lẹ́yìn. Àwọn kan ní kí ó lọ gbé oògùn eku jẹ. Rodaina náà dáhùn, ó bú ìyá Wagdi tó ti kú. Àwọn ọ̀rẹ́ tọ̀tún tòsì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣépè fún ara wọn. Shahinaz ka gbogbo rẹ̀ níbi tó ti ń jẹ búrẹ́dì àti ẹ̀wà lọ́sàn-án. Dípò kí ó pa á rẹ́, ó fi àwòrán ojú tó ń rẹ́rìn-ín sábẹ́ ọ̀rọ̀ Abẹfẹ́lẹ́, ó padà sẹ́nu iṣẹ́. Ọjọ́ kẹrin lẹ́yìn ìyẹn, ẹnì kan tí wọn ò mọ̀ títí dòní wá orúkọ Rodaina rí, ó sì tẹ ìtàn náà síwèé.

Lọ́jọ́ kejì tí Refaat ya wọ yàrá iṣẹ́ wọn, Shahinaz lọ wo Rodaina ní ilé ìwòsàn. Ìyá Rodaina wo aṣọ funfun tí wọ́n fi wé orí rẹ̀, ó jáde láìkí i.

Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni Rodaina. Ètè rẹ̀ ti ya, wọ́n ti di ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ dé ìgúnpá. Ó ròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀ bí ẹni ń sọ ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn. Refaat fi ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù gbá ọwọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì ń bi í nígbà kọ̀ọ̀kan bóyá yóò tún kọ̀wé. Lẹ́ẹ̀mejì àkọ́kọ́, ó ní òun yóò kọ.

"Ẹ̀gbọ́n," ó ní, "ibo ni Abẹfẹ́lẹ́ ń gbé? Àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi wà nísàlẹ̀. Ẹ̀yin lẹ ní àdírẹ́sì ẹ̀ lọ́wọ́."

Òótọ́ ni. Láti àná, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn lórí ìkànnì ló ń bẹ Shahinaz fún un. Àwọn tí kò lè dúró ti mú Wagdi mìíràn láàárọ̀ ọjọ́ náà, ọkùnrin tó ń ta oògùn ní Zagazig, tí kò wo Ilé Oníyọ̀ rí. Wọ́n fà á jáde, wọ́n ta á nípàá títí àgbọ̀n rẹ̀ fi kán, wọ́n wá gbé àwòrán rẹ̀ síta. Shahinaz ti ka eyín tó kù lẹ́nu rẹ̀. Ó sọ ọ́ fún Rodaina.

"Ìyẹn ò kàn mí," ni Rodaina wí. "Ẹ̀yin náà rẹ́rìn-ín. Mo ń wò ó bóyá ẹ máa dá wọn dúró, ẹ wá rẹ́rìn-ín."

"Mo rẹ́rìn-ín. Mo lè pa á rẹ́, mi ò pa á rẹ́. Láàárọ̀ yìí mo ti kọ ọ́ sójú ìkànnì pé èmi ni mo jẹ́ kó dé ibẹ̀. Mo ti yọ Abẹfẹ́lẹ́ àti gbogbo àwọn tó ń ṣépè, àwọn tó gbè sẹ́yìn rẹ àti àwọn tó gbè sẹ́yìn ẹ̀. Ohun tí ọlọ́pàá béèrè, mo fún wọn. Ṣùgbọ́n mi ò ní júwe ilé ẹnikẹ́ni fún ẹnikẹ́ni."

"Kódà èmi?"

"Kódà ìwọ, àbúrò mi."

Rodaina kọjú sí ògiri. Ohùn àwọn ọkùnrin ń wọlé láti àgbàlá. Shahinaz rò pé wọ́n máa lé òun, síbẹ̀ kò dìde.

Ọmọ náà sọ̀rọ̀ láìyíjú padà. "Apá keje yẹn. Ṣé ó burú tó bẹ́ẹ̀ lóòótọ́?"

Irọ́ ì bá rọrùn. Shahinaz wo ọwọ́ tí wọ́n dì. "Ibi tí Ilham ti jáde lódò, mi ò tíì rí ẹni tó kọ ọ́ dáa tó bẹ́ẹ̀. Àmọ́ o ti tètè fún un lọ́kọ jù. Láàárín ojú ewé méjì, ó ti gbàgbé pé bàbá ẹ̀ fẹ́ pa òun. Mi ò gbà á gbọ́. Ẹ̀rù yẹ kó ṣì máa bà á."

Rodaina yíjú padà. "Abẹfẹ́lẹ́ náà sọ bẹ́ẹ̀. Láàárín gbogbo èébú yẹn, ó wà níbẹ̀, pé ó yá jù. Kí ló dé tí kò lè sọ ọ́ bí ẹ ṣe sọ ọ́ yìí?"



Nígbà tí ìyá rẹ̀ gbé tíì wọlé, Rodaina ní kí ó bá òun sọ fún àwọn ará ìsàlẹ̀ kí wọ́n máa lọ sílé. Ìyá náà wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó gbé tíì sílẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀. Rodaina bi Shahinaz bóyá ó ní bírò. Ó ní.

"Ẹ kọ ọ́ pé Ilham jókòó sí ìdí ọkọ̀," ni Rodaina wí. "Ẹ kọ ọ́ pé ọlọ́kọ̀ na ọwọ́ sí i, kò gbà á."

Shahinaz kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ó ń retí gbólóhùn tó kàn.