Ẹ̀gẹ́ Etí Odò

Bí ẹni tó dàgbà sórí omi bá sọ pé òun fẹ́ dáko, ẹ kọ́kọ́ bi í níbi tó fẹ́ dá a sí. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ Japheth ti wọ́.

Ẹja ni Japheth ń pa ní Òde-Omi, títí òkun fi bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ilẹ̀. Lọ́dún kan omi gbé ilé ìdáná, lọ́dún kejì ó gbé yàrá, nígbà tó di ọdún kẹta, ilé wó pátá. Omi iyọ̀ wọ ọ̀sà, ẹja sì sá lọ. Ó kó Rachel ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ wọn mẹ́ta lọ sí Ìbíadé, níbi tí ìjọ Aládùúrà ti fún wọn ní kọ̀rọ̀ kan lẹ́yìn àga àwọn akọrin pé kí wọ́n máa sùn síbẹ̀ ná. Òun wá forí lé Atíkórí, lọ́dọ̀ Nọ́fíù, ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tó ń gbin kòkó.

"Bí ẹ̀gẹ́ mi bá ti tó hú," ó sọ fún Rachel, "màá wá kó yín."

Nọ́fíù ṣe dáadáa sí i. Ilẹ̀ méjì ló fi hàn án. Ọ̀kan wà lórí òkè, òkúta wẹ́wẹ́ ló kún ibẹ̀. Èkejì wà létí odò, ó dúdú, ó sì rọ̀.

"Orí òkè ni kí o mú," Nọ́fíù wí. "Ẹ̀fọ́ ẹ̀ẹ̀rùn nìkan là ń gbìn sétí odò yẹn."

"Bọ̀dá, ẹ jẹ́ n mú ti etí odò. Omi ò lè ṣe mí ní nǹkan kan."

Ẹ gbọ́ ọkùnrin yìí o, ẹni tí omi gbé ilé rẹ̀ lọ! Ṣùgbọ́n ẹ má tíì bú u. Láti ọjọ́ tó ti dé Atíkórí ni kò ti rí oorun sùn dáadáa, torí kò gbọ́ ìró omi. Ibi tí omi bá wà ni oúnjẹ wà, ohun tí bàbá rẹ̀ fi tọ́ ọ nìyẹn.

Oṣù kẹrin ló gbin ẹ̀gẹ́ síbẹ̀. Nígbà tí oṣù kẹfà dé tí òjò kọ̀ tí kò rọ̀, ẹ̀gẹ́ orí òkè gbẹ mọ́lẹ̀, ti Japheth ń dán. Àwọn tó ti ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ wá ń kí i kú orí ire. Inú rẹ̀ dùn, ó pe Rachel lórí fóònù pé ó ku díẹ̀.

"Ṣe kíá," Rachel wí. "Wọ́n ní ká kúrò kí ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì tó dé."

Ìgbà tó yẹ kí òjò máa palẹ̀ mọ́ ló wá dé. Ọjọ́ mẹ́fà ló fi rọ̀ láìdá. Odò kún, ó jókòó sórí oko, kò sì kúrò fún ọ̀sẹ̀ méjì. Japheth wọ inú omi dé ìtan, ó fa ẹ̀gẹ́ kan tu, ó rọ̀ bí ọṣẹ tó sùn sómi. Ó fa òmíràn, ó tún fa òmíràn. Gbogbo rẹ̀ ló ti rà. 

Ó sáré lọ bá Nọ́fíù láti tọrọ ilẹ̀ orí òkè. Ó bá a níwájú ilé, kòkó dúdú tó ti jẹrà wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

"Òjò yìí ti ba kòkó jẹ́ lórí igi," Nọ́fíù wí. "Ọmọ́títí ọmọ mi ló ń bọ́ wa báyìí. Aṣọ ló ń fọ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ní Àgọ́-Ìwòyè." Ó fi ẹsẹ̀ ti kòkó náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Japheth, ọkọ̀ ojú omi rẹ ńkọ́? Wá kọ́ mi ní ẹja pípa."

"Bọ̀dá, ẹja wo?"

 Ojú Nọ́fíù kò kúrò lára Japheth, bíi pé ó ṣì ń retí ìdáhùn tó sàn ju ìyẹn lọ.

Fóònù dún. Rachel ni.

"Ọ̀la ni ìkórè. A ti di ẹrù, àwọn ọmọ ti wọ bàtà. Ṣé ká máa bọ̀?"

Japheth kọjú sí ọ̀nà odò, níbi tí omi ti bo oko rẹ̀. "Ẹ dúró ná," ó wí.

Rachel ní, "Níbo?"