Ìrọbí Omi Màmá Nọ́ọ̀sì

Ojú ọ̀sán ni Màmá Nọ́ọ̀sì lá àlá tí mo fẹ́ sọ yìí, kì í ṣe òru, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má sọ pé òkùnkùn ló dẹ́rù bà á. Orí àga ló jókòó sí ní pálọ̀, ìgò oògùn wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀, ìdérí ìgò wà lọ́wọ́ òsì, ni oorun bá gbé e lọ.

Ìbíwùmí ni wọ́n sọ ọ́, ṣùgbọ́n ní àdúgbò wa ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ta ló ń pè é bẹ́ẹ̀? Ọdún márùndínlógójì ló fi gbẹ̀bí. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ọwọ́ rẹ̀ ò ríṣẹ́ ṣe mọ́, ó wá ń dá sí ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀. Ni Gbádébọ̀ ọmọ rẹ̀ bá gbé àpótí onígíláàsì ńlá kan wá fún un láti Èkó, irú èyí tí wọ́n ń sin ẹja òkun àti iyùn ààyè sí nínú ilé. Ó po iyọ̀ òkun mọ́ omi, ó to òkúta tí wọ́n kó láti ìsàlẹ̀ òkun sínú rẹ̀, ó ní:

"Màmá, ẹ fara balẹ̀ o. Omi tuntun máa ń ní májèlé, amóníà ni wọ́n ń pè é. Àwọn ẹ̀dá tíntìntín kan wà lára òkúta yìí tí ojú ò lè rí. Àwọn ni yóò jẹ májèlé náà tán. Ó lè gba oṣù kan, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ má tíì fi ẹja kankan sí i."

"Ṣé èmi lo fẹ́ kọ́ ní sùúrù?" ni Màmá wí.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá. Láràárọ̀ ni Màmá Nọ́ọ̀sì ń bu omi díẹ̀ sínú ìgò kékeré kan, tí ń kán oògùn ìyẹ̀wò sí i. Bó bá yọ àwọ̀ ìyeyè, omi ti dára. Bó bá yọ àwọ̀ ewé, májèlé ṣì wà níbẹ̀. Ewé ló ń yọ lójoojúmọ́. Ó da oògùn kan sí i, nǹkan mìíràn nínú omi bá lọ sókè. Ó da òmíràn sí i kó lè fà á wálẹ̀, èyí àkọ́kọ́ tún já. Omi náà wá dà bí ìyàwó tí ìdílé méjì ń fà lọ́wọ́.

Lọ́jọ́ Ẹtì yẹn, Mùdá tó ń ta ẹja òkun ní Èkó pè é lórí fóònù. "Màmá, ẹja méjì tí ẹ ń wá ti dé, aláwọ̀ ọsàn onílà funfun, tọkọtaya. Mò ń bọ̀ ní Ìjẹ̀bú lónìí. Bí ẹ ò bá gbà wọ́n, ẹnì kan ń dúró dè wọ́n ní Ìjẹ̀bú-Òde."

"Máa gbé wọn bọ̀," ni Màmá dáhùn kó tó ronú.

Ó yẹ omi wò. Ewé. Ó wá ṣí oògùn tó le jù nínú gbogbo wọn, ó ní òun yóò da ìdajì rẹ̀ sí i lẹ́ẹ̀kan náà, kí ilé lè ṣe é gbé kí àlejò tó dé. Ó jókòó díẹ̀ kí ẹsẹ̀ lè sinmi. Ibẹ̀ ni oorun ti gbé e.

Ó gbọ́ tí ẹnì kan wúkọ́. Omi ti jáde kúrò nínú àpótí, ó dúró láàárín pálọ̀, ó ró ìró Màmá Nọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì ti ìbàdí.

"Nọ́ọ̀sì, ó ti mú mi o."

Kò ya Màmá lẹ́nu. "Láti ìgbà wo?"

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta."

"Ṣé omi ti dà?"

Omi wo ara rẹ̀ láti òkè dé ilẹ̀. "Omi wo?"

Wọ́n kọrí sí ọsibítù. Ọsibítù ò sí nílẹ̀. Ó ti léfòó lókè bí bàlúùn, rọ́bà tí wọ́n fi ń fa omi síni lára ló so ó mọ́ òpó iná. Àwọn méjèèjì di rọ́bà náà mú, ó sì fà wọ́n sókè fìrì bí ẹni ń fa ọtí ẹlẹ́rìndòdò mu.

Ọ̀gá tó ń kọ orúkọ aláìsàn jókòó sẹ́yìn tábìlì, fìlà wà lórí rẹ̀.

"Káàdì dà?"

"A ò ní káàdì, sà."

"Orúkọ aláboyún?"

"Omi."

"Omi ta ni?"

"Omi Màmá Nọ́ọ̀sì."

"Ọmọ ọdún mélòó?"

"Ọmọ ọjọ́ mọ́kànlélógún."

"Ẹni tí ò tíì pé oṣù kan lẹ fẹ́ kó bímọ! Ẹ lọ gba ìwé ẹ̀rí wá pé kò sí májèlé lára rẹ̀." Bó ti ń sọ̀rọ̀ ni irùngbọ̀n ń hù lágbọ̀n rẹ̀, ìwo méjì sì gba inú fìlà yọ jáde. Ó fa fáìlì kan mọ́ra, ó bẹ̀rẹ̀ sí jẹ ẹ́.

"Ẹ kú ìjẹun, sà," ni Màmá Nọ́ọ̀sì wí, nítorí ọmọlúàbí kì í bá ẹni nídìí oúnjẹ kó má kí i.

"Ìwé yìí tẹ́," ni òbúkọ náà dáhùn. "Iyọ̀ ni mo fẹ́."

Omi na ọwọ́ sí i. Òbúkọ lá a lẹ́ẹ̀kan, ó tutọ́. "Áà! Ta ló po èyí? Iyọ̀ ti pọ̀ jù!"

"Èmi ni, sà. Bó bá ti fà, mo máa ń bu omi iyọ̀ kún un."

"Màmá, omi ló ń gbẹ, iyọ̀ kì í gbẹ. Omi lásán ni kí ẹ máa fi kún un." Ó ti pátákò rẹ̀ bọ tàdáwà, ó lù ú mọ́ ìyókù fáìlì, ó ní kí wọ́n wọlé.

Nínú yàrá ìrọbí, ẹja méjì jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ẹní àti ìkòkò wọn wà nínú ẹrù lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

"Màmá, ṣé ilé ti ṣetán?" ni abo bèèrè. "A ti kó kúrò níbi tí a wà."

"Ó ku díẹ̀, ọmọ mi."

"Báwo ni díẹ̀ náà ṣe tó?" ni akọ wí. "Èémí tó kù nínú ọ̀rá tí wọ́n dì wá sí ò pọ̀ mọ́."

Màmá yíjú sí omi. "Ó yá, tì í!"

"Kò tíì yá, Nọ́ọ̀sì."

"Mo ní kí o tì í! Àlejò ń dúró."

Ìgò oògùn yọrí látinú àpò rẹ̀. "Ẹ jẹ́ n bá yín fà á. Mo lágbára gan-an."

Omi figbe ta. Ara rẹ̀ yọ àwọ̀ ewé, ó di elésèé àlùkò, ó ń hó gùdù. Gbogbo fèrèsé ṣí lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn obìnrin tí Màmá ti gbẹ̀bí fún kún ibẹ̀ fọ́fọ́, wọ́n ń pariwo ohun tí òun fúnra rẹ̀ kọ́ wọn: "Má tíì tì í o! Mí sínú, mí síta!"

Ẹnì kan ṣoṣo ni kò pariwo. Ó pọn ọmọ, ó kàn ń wo Màmá ni. Màmá mọ̀ ọ́n. Ọdún kejì tó wọṣẹ́ ni. Ó fẹ́ tètè lọ sílé lọ́jọ́ náà, ó sì kán obìnrin yìí lójú. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni ọmọ fi wà láàárín ikú àti ìyè kó tó ké. Màmá ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí.

Ó dé ìgò lẹ́nu níbi tó ti ń sọ̀rọ̀. Ó fa àga, ó jókòó ti omi, ó dì í lọ́wọ́ mú. Ọwọ́ náà ń ṣàn gba àárín ìka rẹ̀ lọ, síbẹ̀ ó ń di tirẹ̀ mú.

"Má bínú," ni Màmá wí. "Ìgbà tó bá yá ọ ló yá."

Omi mí kanlẹ̀. Òbúkọ rọra wọlé, ó dùbúlẹ̀ síbi ẹsẹ̀ wọn, ó ń jẹ àpọ̀jẹ. Láìpẹ́, ikùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí dún.

"Fóònù yín ni mo jẹ mọ́ ìwé," ló wí. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e."

Màmá bẹ̀rẹ̀, ó fi etí lé ikùn òbúkọ. "Ẹ̀lóò?"

"Màmá, Mùdá ni. Mo ti wà lẹ́nu géètì."

Ojú Màmá là lójú oorun. Fóònù ti wà létí rẹ̀, ìgò oògùn sì wà lórí itan rẹ̀, ẹ̀kán kan ò dà nínú rẹ̀.

Mùdá gbé ọ̀rá sókè sínú oòrùn. Ẹja méjì náà ń dán bí ìlẹ̀kẹ̀. Ọkàn Màmá fà mọ́ wọn.

"Báwo ni wọ́n ṣe lè pẹ́ tó nínú ọ̀rá yìí?"

"Títí di alẹ́, Màmá, kò séwu."

"Ẹni tó ń dúró ní Ìjẹ̀bú-Òde ńkọ́, ṣé omi tirẹ̀ ti gbó?"

"Ọdún kẹta rèé tó ti ń sin ẹja."

"Máa gbé wọn lọ bá a. Tèmi ò tíì yá."

"Háà, Màmá! Ẹ̀yin lẹ ní kí n gbé wọn bọ̀. N ò mọ ìgbà tí mo tún máa rí irú wọn o."

"Mo mọ̀. Èmi ni mo ṣì í. Jọ̀ọ́, fojú fò mí dá."

Mùdá mirí, ó sì lọ. Màmá dúró títí kò fi gbọ́ ìró ọkọ̀ rẹ̀ mọ́, ó padà wọlé pẹ̀lú ìbànújẹ́. Ó kó gbogbo oògùn sínú kọ́bọ́ọ̀dù, ó tì í. Ó wá rọra ń bu omi tí kò níyọ̀ kún inú àpótí, díẹ̀díẹ̀.

Nígbà náà ló rí nǹkan kan lára gíláàsì, nínú lọ́hùn-ún, kò tó hóró yànmọ̀tí. Ó rò pé ìdọ̀tí ni, ó ti ọwọ́ bọ omi láti nù ún. Ìdọ̀tí náà rìn. Ó sáré lọ mú awò ojú rẹ̀. Ìgbín òkun ni, ọmọ tuntun jòjòló, inú òkúta ló ti jáde wá, ẹnikẹ́ni ò sì ràn án lọ́wọ́.

Màmá Nọ́ọ̀sì wo aago ara ògiri. Ó mú bírò, ó lọ síbi kàlẹ́ńdà, ó kọ ọ́ síbi ọjọ́ Ẹtì náà bó ti máa ń kọ ìbímọ sílẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́: *Agogo márùn-ún kọjá ìṣẹ́jú méjìlá. Ẹyọ kan. Ìyá àti ọmọ wà ní àlàáfíà.*