Eku Tó Ṣáájú Ìyàwó Wọlé

Ní ilé wa ní Gàmbàrí, kò sẹ́ni tí ìyàwó tuntun kì í kúnlẹ̀ fún. Ẹnikẹ́ni tó bá ti wà nínú ilé kí wọ́n tó gbé ìyàwó wọlé, ọkọ ìyàwó ni. Ọmọ ọwọ́ tó ń tọ̀ sára, ọkọ ni. Ìyàwó ò gbọdọ̀ pè é lórúkọ, á wá orúkọ ìnagijẹ fún un ni. Èmi Yísà ni mo wá na ọ̀rọ̀ náà gùn débi pé ó kan eku.

Ìgbà SAP ni, tí owó Nàìjíríà já wálẹ̀, tí àwọn òyìnbó ń kó ẹrù wọn padà sílé ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo ti fi ilé ìwé sílẹ̀, ilé ìwé náà ò sì wá mi. Mò ń kọ́ iṣẹ́ fíríìjì ní Táíwò Road. Ọ̀gá mi ní kí n lọ tú ẹ̀rọ amúlétutù kan wá nílé òyìnbó kan ní GRA, àwọn onílé ti lọ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Mo bá Ṣàmsúdéènì, gáàdì ibẹ̀, lẹ́yìn ilé. Garawa omi wà níwájú ẹ̀, kéèjì kékeré wà lọ́wọ́ ẹ̀.

"Bàbá Ṣàmsú, kí lẹ fẹ́ fọ̀?"

"Eku ni mo fẹ́ rì."

Mo yọjú wò ó. Kì í ṣe irú eku tiwa. Kò fẹ́rẹ̀ẹ́ nírù, ó pọ́n bí èèpo búrẹ́dì, ojú ẹ̀ yọ síta bí ìlẹ̀kẹ̀ dúdú. Ó ká jọ sí igun, ó ń gbọ̀n débi pé irin kéèjì ń dún.

"Ọmọ òyìnbó ló ni ín," Ṣàmsúdéènì ní. "Ó sunkún títí wọ́n fi gbé e wọ mọ́tò. Ó ní kí n bá òun tọ́jú ẹ̀. Èmi tí mi ò rí àwọn ọmọ tèmi tọ́jú! Ó ní tí eku bá dé ilé tuntun, wọn ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Kí wọ́n fi aṣọ bò ó, kí wọ́n fún un lóúnjẹ, kí wọ́n fi í sílẹ̀. Òun fúnra ẹ̀ á jáde wá bá wọn."

"Gbogbo ìyẹn fún eku?"

"Fún eku, Yísà. Jẹ́ n rì í, jàre."

Mo gba kéèjì lọ́wọ́ ẹ̀. Kì í ṣe àánú, ẹ má yìn mí. Mo kàn rò pé ọ̀rọ̀ eku tí wọ́n ń fi aṣọ bò máa dùn ún sọ nílé ni.

Àṣé kò sẹ́ni tí wọ́n ń fi sílẹ̀ ní ilé wa. Ọjọ́ yẹn gan-an ni wọ́n fẹ́ gbé ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi Hàrúnà wọlé, ilé kún. Mo gbé eku dé lẹ́yìn Àsárì, wọ́n ní àlejò dé. Ta ló ń fi àlejò sílẹ̀ lóun nìkan? Gbogbo ayé wá kí i. Wọ́n ń ju ẹ̀pà sí i, wọ́n ń kan kéèjì kó lè dáhùn. Bàbá arúgbó kan tí ojú ẹ̀ ò ríran dáadáa bi mí pé, "Ṣé ẹ ti bu omi sí i lẹ́sẹ̀?" Mo ní a ti bu ú. Ó ní kí ẹsẹ̀ ẹ̀ mú àlùbáríkà wá. Gbogbo wọn ṣe àmín. Eku kó gbogbo ẹ̀pà sẹ́nu nítorí ìbẹ̀rù, kò gbé ẹyọ kan mì. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀ wú bí àpò alágbe.

Lẹ́yìn Ìṣáì, wọ́n gbé Jummai dé láti abúlé wọn ní ọ̀nà Malete. Wọ́n bu omi sí i lẹ́sẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n mú un wọlé. Àwọn tó wo eku tán wọlé lọ wo ìyàwó, àwọn tó wo ìyàwó tán jáde wá wo eku. Wọ́n ká ìbòrí lójú ìyàwó: "Ó mà tẹ́ẹ́rẹ́ o." Wọ́n wo inú kéèjì: "Èyí mà sanra o." Àwọn méjèèjì ń gbọ̀n.

Kí ẹran ìyàwó tó tán nínú ìkòkò, Hàrúnà ti padà sí Kàdúná, níbi tó ti ń ṣiṣẹ́ aṣọ híhun. Ó ní tóun bá rí yàrá tó dáa, òun á wá mú ìyàwó òun.

Láàárọ̀ ọjọ́ tó lọ, Jummai ń kúnlẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà dé ẹnu ọ̀nà. Ó dé ọ̀dọ̀ mi, ó kúnlẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, ọkọ mi."

"Káàárọ̀, ìyàwó. O ò tíì kí ẹ̀gbọ́n mi."

"Èwo nínú wọn?"

Mo nawọ́ sí kéèjì. "Àsárì ni wọ́n gbé òun wọlé. Ẹ̀yìn Ìṣáì ni wọ́n gbé ìwọ dé. Ta ló ṣáájú?"

Mo ń retí kó pòṣé. Ó wò mí, ó wo eku. Ó tún ìró ró, ó fi orúnkún méjèèjì kanlẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀ o, Alápò-Ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ṣé ẹ jí ire?"

Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi jókòó sílẹ̀. Òun náà rẹ́rìn-ín, ìgbà àkọ́kọ́ tí mo máa rí eyín ẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnì kan ló ní kó lanu kí àwọn wò ó. Àmọ́ kò dìde.

"Ẹ̀rù ń bà wọ́n," ó ní. Wọ́n! Eku! "Ẹ ò rí i ni? Nílé wa, tí bàbá mi bá ra awó tuntun, abẹ́ agbọ̀n ni wọ́n ń dé e mọ́. Kò ní rí ènìyàn. Á kàn máa gbọ́ ohùn ẹni tó ń fún un lọ́kà. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ṣí agbọ̀n, ohùn yẹn ló máa tọ̀ lẹ́yìn."

Ó ṣí ìbòrí ìyàwó kúrò lórí ara ẹ̀, ó fi bo kéèjì.

"Tí wọ́n bá lè mojú ilé yìí, ọkọ mi Aláwàdà, èmi náà á mojú ẹ̀."

Ohun tó sọ nìyẹn, kò sì rẹ́rìn-ín nígbà tó ń sọ ọ́.

Báyìí la ṣe bẹ̀rẹ̀. Tó bá kírun Sùbúhì tán, á wá kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kéèjì, á kí i. Tó bá di Màgàríbì, á tún wá. Á máa sọ̀rọ̀ sí i lábẹ́lẹ̀, á fi ọkà bàbà sẹ́nu ọ̀nà kéèjì, á lọ. Èmi ni mò ń lé àwọn ọmọdé. Mo sọ fún wọn pé eku náà máa ń gé ìdodo ọmọ jẹ, wọ́n sì sá. Mo kó ìwé ìpè ìgbéyàwó tó ṣẹ́ kù fún eku kó fi tẹ́lẹ̀. Ó gé orúkọ Hàrúnà wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, ó fi ṣe ibùsùn. Kò sí nǹkan mìíràn tí orúkọ yẹn wúlò fún nílé wa lásìkò náà. Àwọn awakọ̀ ń ti Kàdúná dé, kò sẹ́ni tó jẹ́ iṣẹ́ kankan fún Jummai.

Ó pẹ́ kó tó ṣeé ṣe. Eku ti gé Jummai jẹ rí, Jummai ló sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ eku. Nígbà tó di ọjọ́ kan, ó pè é pé, "Ẹ kúulé o, Alápò-Ẹ̀rẹ̀kẹ́," ó tẹ́ ọwọ́ sílẹ̀, eku sì rìn wá, ó gorí àtẹ́lẹwọ́ ẹ̀, ó jókòó síbẹ̀, ó ń kó ẹ̀pà sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ bíi pé ó fẹ́ rìnrìn àjò. Jummai ò mira. Omi ń bọ́ lójú ẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín.

Láti ọjọ́ yẹn ló ti ń kọrin nídìí ààrò. Ó tiẹ̀ bá ìyàwó àgbà kan jà nídìí ẹ̀rọ omi. Mo ní, ó tán, ìyàwó wa ti mojúlé.

Nígbà tí Iléyá kù sí dẹ̀dẹ̀, Hàrúnà dé. Obìnrin kan tẹ̀ lé e, Bàríkísù, oyún ẹ̀ ti ga dé igbáàyà. Ìyá wa jókòó sórí ẹní, ó pe Jummai.

"Ìyáálé ẹ nìyí. Kúnlẹ̀ kí i."

Jummai dúró. "Ìyá, èmi ni wọ́n kọ́kọ́ bu omi sí lẹ́sẹ̀ nínú ilé yìí."

"Ó ti wà lọ́dọ̀ Hàrúnà ní Kàdúná kí wọ́n tó gbé ẹ wá."

"Kí ló dé tí wọ́n wá gbé mi?"

Mo ní, "Ìyá, ẹnu ọ̀nà ilé yìí là ń kà, a ò ka ti Kàdúná. Jummai ni ìyáálé."

"Yísà, ọ̀rọ̀ gidi là ń sọ níbí."

"Ọ̀rọ̀ gidi lèmi náà ń sọ."

Ẹ̀rín pa gbogbo ilé. Hàrúnà fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. "Ìwọ tó o fi eku ṣe ọkọ fún un, ìwọ náà fẹ́ dá ẹjọ́!"

Jummai kúnlẹ̀. Orúnkún tó fi ń kí eku náà ni, àmọ́ kò wá orúkọ kankan fún Bàríkísù.

Àfi bí Bàríkísù ṣe yọjú sí yàrá mi, tó rí eku nínú kéèjì, tó figbe ta. Ìyá ní aboyún ò gbọdọ̀ wo irú nǹkan báyẹn, kó má baà bí ọmọ tó jọ ọ́. Ó ní kí n gbé e kúrò nílé lójú ẹsẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ n lọ bi ọ̀gá mi bóyá n lè gbé e sí ṣọ́ọ̀bù. Ó ní kí n tètè. Mo sáré lọ sí Táíwò Road, Jummai lọ pọn omi. Ọ̀gá mi gbà, ó ní kó wá máa ṣọ́ fíríìjì.

Mo ń rẹ́rìn-ín bọ̀. Garawa omi ni mo bá láàárín àgbàlá, kéèjì ṣí sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀.

"Kò tiẹ̀ dà mí láàmú," Ìyá ní, ó ń fi ìró nu ọwọ́. "Mo tẹ́ ọwọ́ sílẹ̀, mo pè é bí ìyàwó yìí ṣe máa ń pè é, Alápò-Ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ó fẹsẹ̀ ara ẹ̀ rìn wá."

Jummai ti wọlé, ìkòkò omi ṣì wà lórí ẹ̀. Ó gbọ́. Ó sọ omi kalẹ̀, ó kúnlẹ̀ ti garawa, ó mú òkú eku jáde. Ẹ̀pà ṣì wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀. Ó fi ìbòrí ìyàwó dì í.

"Jummai, nítorí eku?" Hàrúnà ní.

"Wọ́n ti mojú ilé yín," ó ní. "Ẹ ò rí i ni?"

Ó wọlé lọ kó ẹrù. Mo gbé àpótí ẹ̀ tẹ̀ lé e dé ibi tí mọ́tò Malete ti ń gbé èrò. Mo wá àwàdà kan tí mo lè ṣe, mi ò rí. Awakọ̀ wo ohun tó gbé sáyà.

"Ìyàwó, kí lo dì sínú aṣọ yẹn?"

"Ọkọ mi ni wọ́n. Mo fẹ́ lọ sin wọ́n nílé wa."

Awakọ̀ rẹ́rìn-ín títí tó fi wúkọ́.

Bàríkísù bí ọkùnrin. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ náà méjèèjì kún bámú, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bo ojú ẹ̀. Gbogbo ilé rí i, gbogbo ilé yíjú sí Ìyá. Lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, mo ju ẹ̀pà kan sókè, mo hán an, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọmọ náà níwájú Alfa. Mo ní, "Ẹ káàbọ̀ o, Alápò-Ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ìyàwó yín kí yín láti Malete."

Ìyá gbá mi létí. Ọmọ náà ò mọ ilé tó wọ̀. Ó gbọ́ ohùn mi, ó yíjú sí mi, ó lanu.